Ooru yìí: ṣé ojoojúmọ́ ni ká máa fún fláwà inú pálọ̀ lómi, ká sì tún fọ́n fatiláísà sí i?

Ìbéèrè, láti Òkè-Fìà, Òṣogbo

Ẹ kú ooru o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa fláwà. Mẹ́rin ló wà nínú pálọ̀ mi: peace lily, money plant, snake plant àti ZZ. Látìgbà tí ooru ti le báyìí ni peace lily yẹn ti ń dojú bolẹ̀ tó bá ti di ọ̀sán, etí ewé ẹ̀ náà ń gbẹ bíi pé iná rà á. Ìyá tá a jọ ń gbé kọ́ńpáùǹdù ní kí n máa bomi sí gbogbo wọn láàárọ̀ lálẹ́. Ẹni tó tà á fún mi lẹ́bàá títì ní ebi ló ń pa á, kí n fọ́n fatiláísà NPK sí i, mo sì ti fọ́n díẹ̀. YouTube ní tí ooru bá dé, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kéèyàn máa fún un lóúnjẹ. Ọkọ mi ní fláwà mi ló ń kó ẹ̀fọn wọlé. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú gbogbo wọn?

---

Àǹtí, ẹ má tíì gbọ́ ti ẹnì kankan, àní tèmi náà, àfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ yẹn. Kẹ́ ẹ ki ìka náà dé oríkèé kejì o, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn fọwọ́ pa á lórí, torí orí iyẹ̀pẹ̀ lè gbẹ gbáú lásìkò yìí kí ìsàlẹ̀ ṣì tutù. Tó bá tutù lọ́hùn-ún, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá gbẹ, ẹ rọ omi sí i dáadáa títí tí omi á fi jò jáde nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá da èyí tó jò nù. Ife omi kékeré tá a máa ń wọ́n sórí lójoojúmọ́ yẹn ò ṣe nǹkan kan, òkè nìkan ló máa rin, gbòǹgbò tó wà nísàlẹ̀ ò ní rí mu.

Ti peace lily tó ń dojú bolẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ padà lọ wò ó ní bí aago méje alẹ́. Tó bá ti nà ró fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fún un lómi, ooru ọ̀sán ló ń bá a jà, òùngbẹ kọ́. Omi ń gbara ewé jáde yára ju bí gbòǹgbò ṣe lè fà á gòkè lọ ni. Àmọ́ tílẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ tó ṣì sorí kodò, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn, ẹ yẹ iyẹ̀pẹ̀ wò: tó bá gbẹ, òùngbẹ ni, tó bá sì rin gbindin, á jẹ́ pé gbòǹgbò ti ń jẹrà, omi tẹ́ ẹ bá tún fi kún un ló máa pa á pátápátá.

Ẹ tún wò ó pé fláwà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà. ZZ ní nǹkan ṣùgbùṣùgbù bí ànàmọ́ nínú iyẹ̀pẹ̀ níbi tó ń tọ́jú omi sí. Snake plant ń tọ́jú tiẹ̀ sínú ewé. Nínú ooru yìí náà, àwọn méjèèjì lè ṣe ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìmu omi, kò sì ní sí nǹkan kan. Peace lily ni ọ̀mùtí inú wọn, money plant wà láàárín. Ẹni tó bá ń fún gbogbo wọn lómi lọ́jọ́ kan náà, á sin méjì nínú wọn.

---

Mo ti ka ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ sísàlẹ̀. Tí n bá kó o pọ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé: "oòrùn mú, omi ń gbẹ, ẹ fi kún un." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Lóṣù kejì sóṣù kẹta níbí, ooru ọ̀sán máa ń kọjá 33 lórí òṣùwọ̀n Celsius, iyẹ̀pẹ̀ á sì yára gbẹ ju ti ìgbà òjò lọ. Ibi tí mi ò ti bá wọn lọ ni pé wọ́n ń fi ara tiwọn díwọ̀n. Pé àwa ń làágùn ò sọ pé òùngbẹ ń gbẹ fláwà tó wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ló ń pàṣẹ omi ju ooru lọ. Nílé tèmi, money plant méjì wà tí mo gé lára ẹyọ kan, ọ̀kan wà lẹ́bàá wíńdò tí oòrùn àárọ̀ ń gbà wọlé, ìkejì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Yàrá kan náà, ooru kan náà. Èyí tó wà lẹ́bàá wíńdò á ti gbẹ, á ti mu, á tún ti gbẹ, kí ti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Bí mo ṣe ń mọ̀ nìyẹn o, mo máa ń fọwọ́ gbé ìkòkò wò ni. Ẹ gbé e lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lómi tán kẹ́ ẹ mọ bó ṣe wúwo, láìpẹ́ ọwọ́ yín á ti mọ̀ ọ́n, ẹ ò tiẹ̀ ní nílò ìka mọ́.

Ìkòkò náà ní tiẹ̀ láti sọ. Ìkòkò amọ̀ tí ò lódà lára máa ń mí, omi ń gba ara ẹ̀ jáde, ìyẹn lè fẹ́ omi ní ìlọ́po méjì ti rọ́bà. Ẹni tó ń sọ pé òun ń fún tòun lómi lójoojúmọ́ tí ò sì kú, ẹ bi í pé inú kí ló gbìn ín sí, ṣé ó nihò nísàlẹ̀, ṣé abẹ́ fáànù ló wà, ṣé ẹ̀gbẹ́ AC ni. AC máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ gbẹ, fáànù ń fẹ́ ẹ dànù, ẹ sì máa rò pé torí yàrá tutù, omi ò ní gbẹ.

Ìdí tó fi jẹ́ pé omi àpọ̀jù burú lásìkò ooru ju ìgbà òtútù lọ rèé: gbòǹgbò ń mí, ó ń lo afẹ́fẹ́, tí ilẹ̀ bá sì móoru ó máa ń mí kíákíá. Ó wá jẹ́ pé omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ kì í gba afẹ́fẹ́ sára tó omi tútù. Tí iyẹ̀pẹ̀ bá wá rin gbindin nínú ooru, gbòǹgbò ò ní rí mí, kòkòrò tó ń mú nǹkan jẹrà náà fẹ́ràn ibi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, kó tó di ọ̀sẹ̀ kan ó ti ń rùn. Ìyá kọ́ńpáùǹdù ò ṣìkà, ewédú ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń rò, ewédú ẹ̀yìnkùlé sì ní ilẹ̀ tí omi ń rìn lọ.

---

Kí n tó gbàgbé: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pọn omi látinú táńkì dúdú tó wà lókè, ẹ má tan ẹ̀rọ omi láago méjì ọ̀sán kẹ́ ẹ kọjú ẹ̀ sí fláwà. Omi yẹn gbóná tó eyí tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ. Ẹ pọn ọ́n sínú kẹ́ẹ̀gì lálẹ́, ẹ lò ó láàárọ̀.

---

Ẹnì kan láti Ògo-Olúwa ní ká kúrò lórí iyẹ̀pẹ̀, pé afẹ́fẹ́ ló gbẹ, ká máa fi sípíréè fọ́n omi sí ewé láràárọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti wí báyìí. Mo gbà pé afẹ́fẹ́ gbẹ, pàápàá tí ọyẹ́ bá ṣì ń fẹ́, àmọ́ omi tẹ́ ẹ fọ́n sí ewé á ti gbẹ kẹ́ ẹ tó jókòó tán, lẹ́yìn náà ó ti parí. Ó dáa kẹ́ ẹ kó àwọn fláwà sún mọ́ra wọn, omi tó ń jáde lára ìkínní á máa ran ìkejì lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti rìn wọ inú Igbó Ọ̀ṣun lọ́sàn-án oṣù kẹta á mọ ohun tí mò ń sọ, títì ń jó fòfò, abẹ́ igi tutù, igi tó pọ̀ lójú kan ló fà á.

Dípò sípíréè, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tí ẹ rẹ sómi nu eruku ọyẹ́ kúrò lára ewé. Eruku yẹn ń dínà ìmọ́lẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń nù ún, ẹ yí abẹ́ ewé wò, torí àwọn kòkòrò pupa wínníwínní tó ń ta òwú bí aláǹtakùn fẹ́ràn ibi tó gbóná tó sì gbẹ, ewé á máa ní àmì tótòtó tó funfun, àwọn èèyàn á ní òùngbẹ ni, wọ́n á tún bu omi sí i.

---

Ó ku ọ̀rọ̀ fatiláísà, ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà.

Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì ni "ebi ń pa á." Ewé pọ́n, ebi ni. Ewé gbẹ, ebi ni. Ẹ jọ̀ọ́, fláwà kì í ti inú fatiláísà rí oúnjẹ o, ìmọ́lẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ ló fi ń se oúnjẹ tiẹ̀. Ohun tó wà nínú fatiláísà dà bí èròjà tó fi ń kọ́ ara tuntun. Tí kò bá kọ́ nǹkan kan lọ́wọ́, kò ní gbà á, èròjà yẹn á sì jókòó sínú iyẹ̀pẹ̀ bí iyọ̀, á wá máa fa omi kúrò lára gbòǹgbò. Etí ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, orí iyẹ̀pẹ̀ á ní nǹkan funfun, fláwà á sorí kodò bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ṣé ẹ ti rí i? Ewé tó gbẹ létí tó jẹ́ kẹ́ ẹ fọ́n NPK, NPK tún lè sọ ọ́ di méjì.

Torí náà tí wọ́n bá bi mí pé ooru dé, ṣé ká fi oúnjẹ kún un, ìdáhùn mi ni pé ewé tuntun ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo ooru. Tó bá ń yọ ewé tuntun, tó ń nà, ó lè jẹun. Tó bá kàn ń rọ́jú kí ooru tó kọjá, ẹ má fún un ní nǹkan kan ju omi lọ. Níbí, èyí tí mo máa ń rí ni pé wọ́n máa ń ta jí tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, láti ìparí oṣù kẹta lọ sí oṣù kẹfà, tí wọ́n á tún ṣe díẹ̀ lẹ́yìn òjò oṣù kẹsàn-án. Ìgbà yẹn ni mo máa ń fún wọn.

Bí mo ṣe ń fún wọn ńkọ́? NPK 15-15-15 oníhóró kéékèèké tí wọ́n ń tà fún àwọn àgbẹ̀ lọ́jà, kò burú. Ṣíbí tíì kan pẹrẹsẹ, tó máa tó gíráàmù 5, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 5, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì torí kì í tètè yòrò, ẹ mì í, ẹ sẹ́ ẹ, ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ẹ dà á síta. Iyẹ̀pẹ̀ tó ti rin tẹ́lẹ̀ lẹ ó rọ ọ́ sí o, ẹ má rọ ọ́ sí èyí tó gbẹ. Oṣù kan sí oṣù kan àbọ̀ kẹ́ ẹ tó tún ṣe é. ZZ àti snake plant, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún tó wọn.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi fatiláísà yúríà rọ́pò ẹ̀ fún yín pé "nǹkan kan náà ni." Àpò NPK 15-15-15 oníkìlò 50, nitrogen, ọ̀kan nínú èròjà tí mo wí yẹn, tó wà nínú ẹ̀ jẹ́ kìlò 7.5. Àpò yúríà oníkìlò 50, nitrogen inú ẹ̀ jẹ́ kìlò 23. Ṣíbí kan náà, ó ti fi díẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, nínú ìkòkò tí ò tó garawa.

---

"Imí adìyẹ ni mò ń lò, tòmátì mi dúdú mínínjọ̀, ẹ fi NPK sílẹ̀ jàre." Bọ̀dá tó ń sin adìyẹ ní Òkè-Baálẹ̀ ló kọ ọ́.

Bọ̀dá, mo gbà fún yín, níta. Níta, òjò ń fọ̀ ọ́, ilẹ̀ fẹ̀. Nínú ìkòkò, imí adìyẹ tútù gbóná ju NPK lọ, ammonia inú ẹ̀ á jó gbòǹgbò, òórùn àti eṣinṣin ò sì ní jẹ́ kálejò jókòó ní pálọ̀. Tó bá ti jẹrà fún oṣù bíi mélòó kan tí kò rùn mọ́, tó kàn ń ta òórùn ilẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan nínú iyẹ̀pẹ̀ tuntun lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ ìkòkò, ìyẹn dáa gan-an, kò ní sídìí láti fún un ní nǹkan mìíràn fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ̀yin olómi ìrẹsì náà, mo ti rí yín. Omi ìrẹsì ò ní nǹkan púpọ̀ nínú, sítáàṣì ni, tó bá sì ṣe díẹ̀ nínú ooru yìí á kan, àwọn kòkòrò dúdú wínníwínní tó ń fò á wá ṣọdún lórí iyẹ̀pẹ̀ yín. Èèpo ẹyin? Kò ní pa á lára. Àmọ́ ó máa pẹ́ gan-an kó tó jẹrà, fláwà tó ń ṣàìsàn lónìí ò ní rí i lò. Omi tẹ́ ẹ fi bọ ẹyin láìfi iyọ̀ sí i, tó ti tutù, ẹ lè dà á sí i, omi náà ni.

---

Ẹlòmíì bínú pé àwọn onímọ̀ lórí YouTube ló sọ ti ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ta ni mí. Ẹ má bínú, wọn ò purọ́, ibòmíì ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ní London, ojúmọmọ oṣù kejìlá ò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ lọ, tó bá di oṣù kẹfà á kọjá mẹ́rìndínlógún. Fláwà wọn ń sùn, wọ́n tún ń jí, oúnjẹ sì ń bá jíjí rìn. Ní Òṣogbo ńbí, ọjọ́ tó gùn jù lọ́dún àti èyí tó kúrú jù, ìyàtọ̀ wọn ò tó wákàtí kan. Ooru wa ò fi ìmọ́lẹ̀ kún ọjọ́.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, ìgbà tí fláwà inú ilé ń sùn lọ́dọ̀ tiwa kì í ṣe oṣù kejìlá. Oṣù keje àti ìkẹjọ ni, nígbà tí ojú ọ̀run á dúdú látàárọ̀ dalẹ́, tí oòrùn ò ní yọjú. Àsìkò tí àlejò ń wọ́ wá fún ọdún Ọ̀ṣun gan-an ni snake plant àwọn èèyàn ń jẹrà jù, torí bí wọ́n ṣe ń fún un lómi lóṣù kẹta ni wọ́n ṣì ń ṣe é. Omi tẹ́ ẹ fi kún un nítorí ooru, ẹ rántí dín in kù padà tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé. Oúnjẹ náà bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín oṣù kẹta àti oṣù kẹjọ lọ́dọ̀ wa ju èyí tí kàlẹ́ńdà wọn máa sọ fún yín lọ, ó kàn jẹ́ pé òdìkejì ni.

---

Ti ẹ̀fọn, ọkọ yín jàre díẹ̀. Fláwà ò kó ẹ̀fọn wá, abọ́ tí wọ́n ń fi sábẹ́ ìkòkò ni. Omi tó bá dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá nínú ooru yìí, ẹyin ẹ̀fọn inú ẹ̀ ti lè di ẹ̀fọn tó ń fò. Ìdajì wákàtí lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fún un lómi, ẹ da ti abọ́ nù. Ó ṣe ẹ̀fọn, ó ṣe gbòǹgbò.

---

Àǹtí Òkè-Fìà ti dáhùn àwọn ìbéèrè tí mo bi wọ́n nípa wíńdò, ìkòkò àti iyẹ̀pẹ̀ wọn. Wọ́n ní gíláàsì dúdú ni wíńdò pálọ̀, ìkòkò alárà funfun tó rẹwà tí wọ́n gbé peace lily sí ò nihò, iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀ rin nísàlẹ̀, orí ẹ̀ sì ti ń funfun. Ó dáa, ó ti yé mi.

Ẹ yọ peace lily kúrò nínú ìkòkò ẹlẹ́wà yẹn. Tí rọ́bà kan bá wà nínú ẹ̀ tó nihò, ó dáa, omi tó ti dúró sábẹ́ ẹ̀ lẹ ó dà nù. Tí kò bá sí, ẹ fa gbogbo ẹ̀ jáde kẹ́ ẹ wo gbòǹgbò. Èyí tó funfun tó le, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó dúdú tó rọ̀ tó ń rùn, ẹ gé e kúrò pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ti fi omi gbígbóná fọ̀. Ẹ gbìn ín sínú iyẹ̀pẹ̀ tuntun tí ẹ ti po yanrìn oníhóró díẹ̀ mọ́, nínú rọ́bà tó nihò, tí kò tóbi ju gbòǹgbò tó kù lọ. Rọ́bà ńlá máa ń gbé omi tó pọ̀ ju èyí tí gbòǹgbò kékeré lè mu lọ. Ìkòkò ẹlẹ́wà yẹn ẹ ṣì lè gbé e sínú ẹ̀ tálejò bá ń bọ̀.

Tó bá jẹ́ pé gbòǹgbò dáa, ẹ má pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀, ẹ kàn rí i pé inú rọ́bà tó nihò ló wà. Ẹ ha nǹkan funfun orí yẹn dànù pẹ̀lú hóró NPK tẹ́ ẹ bá rí, ẹ wá gbé e lọ sí balùwẹ̀, ẹ rọ omi tó tó ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n ìkòkò yẹn sí i díẹ̀díẹ̀, kó máa jò lọ. Ó jọ pé mò ń ta ko ara mi, mo ní ẹ má fún un lómi, mo tún ní ẹ rọ púpọ̀, àmọ́ omi tó ń kọjá lọ ń kó iyọ̀ lọ, èyí tó dúró ló ń pa á. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ fi í sílẹ̀ títí ìka yín á fi bá ibi gbígbẹ.

Gíláàsì dúdú yẹn, ẹ sún peace lily àti money plant mọ́ ọn, kó ku bí ẹsẹ̀ bàtà méjì. Snake plant lè wà níbikíbi, igbó apá ibí ni wọ́n ti bí i, ooru wa ò ṣàjèjì sí i.

Ewé tó ti gbẹ létí ò ní padà di tútù o, kẹ́ ẹ má jókòó máa retí ẹ̀. Ẹ gé ibi tó gbẹ. Ẹ kó NPK tó kù sínú nǹkan tó ní ìdérí, kó jìnnà sọ́mọdé, ẹ ò ní fọwọ́ kàn án àfi tí ewé tuntun bíi méjì bá ti yọ tí etí wọn ò gbẹ.

Ìyá kọ́ńpáùǹdù yẹn, tí wọ́n bá tún ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi bọ̀ láàárọ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ wá lọ rọ ọ́ sí ewédú wọn.